Mo Ń Hun Ẹní De Òṣùpá

Ṣótundé fi ohùn ránṣẹ́ láti Àgó-Ìwòyè.
Fóònù mi gbọ̀n lórí àpótí
bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú àwọ̀n.
"Màmá, ẹ má sùn lóru ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀."
Ta ló ń sùn tẹ́lẹ̀?
Orúnkún mi ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
òun ló ń bá mi ṣọ́ ilé.

Ó ní òṣùpá yóò wọ òjìji,
yóò pọ́n bí osùn, yóò dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan ó lé
kí ó tó bọ́jú.
Mo ti rí i rí, ní Ìwópin níbí,
lọ́dún tí mo bí ìyá Ṣótundé.
A gbé abọ́ irin, a gbé ìdérí ìkòkò, a ń lù ú
títí àtẹ́lẹwọ́ fi bó.
Bàbá Odùkọ̀yà ń pariwo pé kí ó fi í sílẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀!
A ò mọ ẹni tí à ń bá wí.
Ṣótundé ní kò sí ẹni tó gbé e mì.
Òjìji ilẹ̀ yìí náà ni,
ilẹ̀ tí a tẹ̀ yìí, tòun tọ̀sà, tòun tòré tí mo gé lánàá.
Ṣé òjìji tèmi náà wà nínú rẹ̀ nìyẹn?
Mo na ọwọ́ sókè nínú yàrá, mo wò ó:
obìnrin tí kò dé Ìbàdàn rí
yóò fọwọ́ kan òṣùpá.

Ìdí tí mo fi ń hun ẹní nìyí.
Kì í ṣe ti títà. Ti títà kò gbà ju ènìyàn méjì lọ;
èyí yóò gba mẹ́fà,
ká tò bí ẹja lórí àtẹ, ká kọjú sókè.

Ó ní ó tún kù.
Kí òṣùpá yẹn tó gbó tán, níhà ìwọ̀ oòrùn, lẹ́yìn àṣálẹ́,
Àgùàlà àti ìràwọ̀ ńlá kan yóò súnmọ́ra
débi pé àtàǹpàkò kan á bo àwọn méjèèjì.
Àgùàlà, mo mọ̀ ọ́n. Ó pẹ́ tó ti ń bá òṣùpá rìn
tí wọ́n ń pè é lájá rẹ̀,
kò sì gbó ẹnikẹ́ni rí.
Èkejì ńkọ́? Ó ní Júpítà.
Mo ní orúkọ yẹn kò jọ ti ará ibí;
títí yóò fi sọ ilé tó ti wá, Àlejò ni mo ń pè é.

Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń já:
láti aago méjì òru títí àkùkọ fi kọ,
bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọn àpò gàrí tó tán.
Òkúta wẹ́wẹ́ ni, ó ní, bíi hóró iyọ̀.
Mo bi í pé ṣé ó ń dùn wọ́n.
Ó rẹ́rìn-ín. Kò dáhùn.
Mo ti lọ bẹ Ọ̀ṣínúbi kí ó pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lóru yẹn.
Ó ní kí ni mo fẹ́ fi òkùnkùn ṣe.
Mo ní mo fẹ́ fi ríran ni.
Bí àwọn oníná bá sì mú iná wọn lọ,
ọjọ́ yẹn nìkan ni n ò ní ṣépè.

Èyí tó kẹ́yìn, kò fẹ́ sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.
Ìràwọ̀ oníru,
èyí tí bàbá bàbá mi rí tó fi sá wọlé,
tí èmi àti ìyá rẹ̀ wá létí ọ̀sà títí,
tí kò ju èéfín àtùpà lọ nígbà tí a rí i.
Ó ń padà bọ̀. Ó ku ọgbọ̀n ọdún ó lé.
Èmi tí mo ń fi ìka ka òré,
mo kà á dé ibi tí ìka tán.

Mo ti so ìdì òré kan mọ́ àjà, níbi tí èéfín ti ń bá a;
kòkòrò kì í jẹ òré tí èéfín bá mọ̀.
Kí ó wá ẹni tí yóò bá a hun ún nígbà náà.
Kí wọ́n fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ láàárín.

Ní báyìí, ó ku ìbú ọwọ́ méjì kí ẹní yìí parí,
òṣùpá sì ti ń yọ ikùn.